Ìsinmi Ọdún Keje fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́run: Orísun Rẹ̀, Ìlò Rẹ̀ àti Ohun tí Ìmọ̀ Àgbẹ̀ Yorùbá Sọ Nípa Rẹ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìsinmi ọdún keje, èyí tí í ṣe àkókò gbọọrọ tí ìjọ yọ̀ǹda fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ kí ó lè sinmi, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì tún jí pépé. A tọ́ka sí orísun rẹ̀ nínú Bíbélì, a sọ bí àwọn ìjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ìlànà, a sì yẹ àwọn àtakò tí ó máa ń jẹ yọ láwùjọ Yorùbá wò. Èrò wa ni pé ìsinmi yìí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àṣà àjèjì tí a kò ní ohun tí a lè fi wé e. Àgbẹ̀ Yorùbá tí ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ náà lè padà lọ́ràá ti mọ ìdí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ìfáárà

Bí pásítọ̀ kan bá dìde lọ́jọ́ Àìkú, tí ó kéde pé òun yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko láti sinmi, onírúurú ìtumọ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ yóò fún ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan yóò ní àìsàn ni ó ń ṣe é, wọn kò kàn fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ni. Àwọn kan yóò ní òun àti àwọn alàgbà ni wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìjọ tirẹ̀ ni ó fẹ́ lọ dá sílẹ̀, tàbí pé ìwé àṣẹ ìrìnnà òkè òkun ni ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí yóò ṣòro fún wọn láti gbà ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ: pé ó rẹ òun, òun sì fẹ́ sinmi.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Láwùjọ Yorùbá, ẹni tí ó tẹpá mọ́ṣẹ́ ni ó níyì. Ọ̀lẹ kì í rí ojú rere. Bí iṣẹ́ ọ̀hún bá wá jẹ́ ti Ọlọ́run, ìsinmi a máa dà bí ẹni pé ènìyàn kọ ìpè rẹ̀ sílẹ̀. Pásítọ̀ ni a ń pè bí ara ọmọ bá ń gbóná lóru. Òun ni a ń pè sí ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìsìnkú. Òun ni ó ń parí ìjà tọkọtaya, òun ni ó ń ronú bí a ó ṣe rí owó òrùlé ilé ìjọsìn, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ta ni ń bọ́ ẹni tí ń bọ́ agbo, ìgbà wo ni a sì ń bọ́ ọ?

Ohun tí ìsinmi ọdún keje jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Inú ọ̀rọ̀ èdè Hébérù tí ó túmọ̀ sí dídẹ́kun iṣẹ́ ni orúkọ ìsinmi yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó bí orúkọ ọjọ́ ìsinmi tí a mọ̀ nínú Bíbélì. A pè é ní ìsinmi ọdún keje nítorí pé inú òfin ọdún keje ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni a ti fa èrò náà yọ. Èyí kò sọ ọ́ di dandan pé kí ọdún pé méje gẹ́lẹ́ kí òjíṣẹ́ tó lè sinmi. Oṣù mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ìjọ tí ń ṣe é. Ó lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gùn tó ọdún kan.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mẹ́rin tí a máa ń fi pè é. Èkíní ni ìsinmi ọdọọdún. Ìyẹn kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ìjọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn ẹni tí ó lọ, nítorí pé fóònù rẹ̀ kò dákẹ́, ìwàásù ọjọ́ Àìkú tí yóò padà dé sì ti ń dúró dè é. Èkejì ni ìsinmi àìsàn. Ìyẹn ni a ń fún ẹni tí ó ti ṣubú. Ti ọdún keje wà kí ènìyàn má baà ṣubú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹta ni lílọ sí orí òkè, èyí tí ó gbilẹ̀ púpọ̀ láàárín wa. Láti ìgbà ìsọjí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, àwẹ̀ àti àdúrà lórí òkè ti di ọ̀nà pàtàkì tí àwọn òjíṣẹ́ ń gbà wá agbára. A kò fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún nítorí ìṣòro ìjọ kò lọ sinmi. Iṣẹ́ ni ó lọ ṣe, ó sì le ju èyí tí ó fi sílẹ̀ ní ilé lọ. Ẹrù àwọn ènìyàn ni ó gbé gun òkè, orúkọ wọn ni ó sì ń dá níbẹ̀. Nínú ìsinmi ọdún keje, a ní kí ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ ná.

Ẹ̀kẹrin ni ìsinmi tí àwọn olùkọ́ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1880, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ayé sì tẹ̀lé e, títí kan ti Nàìjíríà. Ìwádìí àti ìwé kíkọ ni a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ni olùkọ́ni tí ó gba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ń lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún kan. Orúkọ ìsinmi ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n pápá ni a pààrọ̀, a kò sọ ọkọ́ kalẹ̀. Bí a bá fi irú èyí lọ́kàn wo ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run, a ó máa béèrè ohun tí ó mú bọ̀ kí a tó béèrè bí ara àti ọkàn rẹ̀ ti rí.

Orísun rẹ̀ nínú Bíbélì

Nínú Ẹ́kísódù orí 23 àti Léfítíkù orí 25, a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n fi ọdún mẹ́fà gbin oko, kí wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Ohun tí ó bá lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ní ọdún náà, tálákà àti ẹran ìgbẹ́ ni yóò jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ilẹ̀ gan-an ni a ní kí ó sinmi. Òfin náà fi hàn pé ohun tí a ń rí èso lára rẹ̀ ní ààlà agbára, àti pé Ọlọ́run ni ó ni ín, kì í ṣe ẹni tí ń ro ó.

Léfítíkù 25 kò sì fi ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn pa mọ́. Ó sọ pé wọn yóò béèrè ohun tí àwọn yóò jẹ ní ọdún keje bí àwọn kò bá gbìn. Ìdáhùn Ọlọ́run ni pé òun yóò bùkún ọdún kẹfà tó bẹ́ẹ̀ tí èso rẹ̀ yóò fi tó wọn títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ìjọ ń béèrè lónìí bí a bá dárúkọ ìsinmi oṣù mẹ́ta: kí ni a ó jẹ? Nínú òfin náà, ìmúrasílẹ̀ ọdún kẹfà ni ó gbé ìsinmi ọdún keje ró. A ó padà sórí kókó yìí.

Ìtàn Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ńlá lórí òkè Kámẹ́lì, wòlíì náà sá fún Jésíbẹ́lì wọ inú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Áńgẹ́lì tí ó wá bá a kò bá a wí, kò sì yan àwẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí ni Èlíjà tó lè rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí yóò fi padà, Ọlọ́run ti yan Èlíṣà fún un gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Bí a bá to ìtàn náà, a ó rí oorun, oúnjẹ, ìdákẹ́jẹ́, ohùn Ọlọ́run àti olùrànlọ́wọ́. Bí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe ń ṣètò ìsinmi ọdún keje lónìí kò jìnnà sí èyí.

A lè fi ẹ̀rí méjì mìíràn kún un. Nínú Ẹ́kísódù orí 18, Jẹ́tírò sọ fún Mósè pé bí ó bá ń dá gbogbo ẹjọ́ nìkan, yóò dá òun àti àwọn ènìyàn lágara. Nínú Máàkù orí 6, nígbà tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àpọ́sítélì kò fi ráyè jẹun, Jésù pè wọ́n lọ sí ibi ìdákọ́ńkọ́ kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Àwọn aláìní ṣì pọ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ó pè wọ́n.

Àárẹ̀ tí oorun òru kan kò lè wò

Àárẹ̀ yàtọ̀ sí àárẹ̀. Ẹni tí ó ro oko láti àárọ̀, bí ó bá sùn, ara rẹ̀ yóò mókun. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kan wà tí ènìyàn yóò sùn, tí yóò jí, tí kò ní kúrò. Ní ọdún 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí okun inú wọn tán pátápátá nídìí títọ́jú àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ipò yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń ti ara wàhálà iṣẹ́ tí a kò kápá wá. Àmì mẹ́ta ni wọ́n tò: kí okun tán nínú ènìyàn, kí ọkàn rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kí ó máa fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, àti kí iṣẹ́ rẹ̀ má gún régé mọ́.

Bí a bá gbé àmì mẹ́ta wọ̀nyí sórí iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, a ó rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi léwu. Olùṣirò owó tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣì ro owó pé. Pásítọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú àdúrà yóò ṣì máa gbàdúrà létí ìjọ, nítorí pé ẹnu ti mọ́ ọn. Yóò máa ka Bíbélì, ṣùgbọ́n kókó ìwàásù ni yóò máa wá níbẹ̀; kò ní ka ohunkóhun fún ẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́. Bí opó bá ń sunkún níwájú rẹ̀, yóò máa wo aago. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí pé ìkanra tí ó fi pa mọ́ fún ìjọ ni ó ń tú dà sílé. Ìjọ lè má fura fún ọdún púpọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n kì í gbẹ lọ́jọ́ kan.

Bí àwọn ìjọ kan ti sọ ọ́ di ìlànà

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ mú ìhìn rere dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Nínú ìlànà rẹ̀, òjíṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́ta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, àti lẹ́yìn náà ní ọdún méje-méje. Kò pọn dandan kí ó kọ́kọ́ ṣàìsàn kí ó tó tọrọ rẹ̀. Nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò dé, kò sí ẹni tí ń ka ìtumọ̀ òdì sí i.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ọlọ́rẹ-àánú kan tí ń jẹ́ Lilly Endowment, ní ìlú Indianapolis, ti ń náwó lórí irú ìsinmi yìí fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50,000 dọ́là ni iye tí ó ga jù tí wọ́n ń fún ìjọ kan, a sì lè ná tó 15,000 nínú rẹ̀ lórí àìní ìjọ nígbà tí pásítọ̀ kò sí nílé. Ohun tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n ni pé ìjọ ni ó ń kọ̀wé béèrè owó náà, kì í ṣe pásítọ̀. A gbà pé ìjọ àti òjíṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń sinmi, tí wọ́n sì jọ ń sọ jí.

Àpẹẹrẹ John Piper fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìsinmi àti iṣẹ́ mìíràn hàn kedere. Ó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Bethlehem ní ìlú Minneapolis láti ọdún 1980 títí di ọdún 2013. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ó kéde pé òun yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún títí di òpin ọdún náà. Kì í ṣe pé wọ́n ká ẹ̀ṣẹ̀ ìtìjú kankan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ yẹ ọkàn òun wò, kí òun sì tọ́jú ìgbéyàwó àti ìdílé òun. Ó rántí pé ìwé ni òun fi ìsinmi tí òun gbà ní ọdún mẹ́rin ṣáájú kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìwé kíkọ, kò sí ìwàásù. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011.

Irú ìyàtọ̀ yìí hàn nínú Ìjọ Áńgílíkà pẹ̀lú. Rowan Williams, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, gba ìsinmi ní ọdún 2007, ó sì fi kọ ìwé lórí Dostoevsky, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìwé náà jáde ní ọdún 2008. Nígbà tí Justin Welby, tí ó rọ́pò rẹ̀, gba tirẹ̀ ní ọdún 2021, àdúrà, àṣàrò àti ìsọjí ẹ̀mí wà lára ohun tí a kéde pé ó wà fún, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lórí ìlàjà. Bí ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ bá lè kúrò nílé tí ìjọ kò sì tú ká, a lè béèrè ohun tí ó mú kí ó dà bí ohun tí kò ṣeé ṣe ní ìjọ ọlọ́gọ́rùn-ún ènìyàn.

Ilẹ̀ tí ó ṣá àti ilẹ̀ tí ó sinmi

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìsinmi mímọ́. Ọ̀rọ̀ wa fún ọjọ́ méje, ìyẹn ọ̀sẹ̀, ti inú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà wá, ọjọ́ tí ó ń yí po tí àwọn olùsìn òrìṣà kan kì í lọ sóko. Ṣùgbọ́n ní oko gan-an ni àfiwé tí ó ṣe kedere jù wà. Àgbẹ̀ a máa dá oko sí ilẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí ó bá rí i pé iṣu kò ta dáadáa mọ́, tí ewé àgbàdo sì ń pọ́n rúsúrúsú, yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá. Kò ní bú ilẹ̀ náà ní ọ̀lẹ. Yóò fi í sílẹ̀ fún igbó, yóò sì lọ síbòmíràn. Ní àwọn ọdún náà, ojú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju igbó lásán lọ. Ṣùgbọ́n ewé ń wọ́, ó ń rà, ó ń di ilẹ̀dú. Àsìkò tí ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ kò ṣe nǹkan kan ni ó ń padà di ọlọ́ràá.

Nígbà tí ènìyàn pọ̀ sí i tí ilẹ̀ sì di ọ̀wọ́n, ọdún tí a fi ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kúrú, a sì gbára lé ajílẹ̀. Ajílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó sinmi rárá, tí a kàn ń da ajílẹ̀ sí lọ́dọọdún, yóò máa béèrè ajílẹ̀ sí i ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òjíṣẹ́ tí ó ń ti àpéjọ kan bọ́ sí òmíràn, láti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé ìsọjí, tí ó sì rò pé gbogbo ìwọ̀nyí ti tó ìsinmi. Wọ́n ń ta á jí fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò fún un ní ilẹ̀dú.

Ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ níbi èyí. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì C.M.S. rán wá, kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1853. Ní ọdún 1856, wọ́n lọ sinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìlera wọn, wọ́n sì padà ní ọdún 1858. Ìsinmi yẹn kì í ṣe ti ọdún keje ní tààrà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tí ó rán wọn mọ̀ pé ara kì í ṣe igi. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà dí mọ́ wọn fún ọdún bí i márùn-ún, àárẹ̀ àti àìní sì mú wọn gidigidi. Wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 1869. Anna kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Daniel Olúbí, tí ó ti dàgbà nínú iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ni ó gba iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà kò sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú kí a tó mọ̀ pé ó ní ọmọ.

Bí a ti ń ṣe é

Ìpele mẹ́ta ni ìsinmi ọdún keje tí ó yọrí sí rere máa ń ní. Èkíní ni ìmúrasílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ọdún kẹfà. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ òjíṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dà bí ojú rere. Ó kéré tán, kí a fi ọdún kan ṣètò: ta ni yóò wàásù, ta ni yóò bẹ aláìsàn wò, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé owó? Kí a ṣàlàyé fún ìjọ léraléra, kí àhesọ má baà gbilẹ̀.

Èkejì ni àkókò ìsinmi fúnra rẹ̀. Kí òjíṣẹ́ kúrò nítòsí, kí ó sì pa fóònù iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Yóò sùn púpọ̀, ara rẹ̀ kò sì ní lélẹ̀, torí pé ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí a kò wá mọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ bóyá Ọlọ́run ni ó ń sìn tàbí ìyìn ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa ka Bíbélì láìwá ìwàásù níbẹ̀. Kí ó jókòó sẹ́yìn ìjọ mìíràn gẹ́gẹ́ bí olùjọ́sìn lásán. Kí ó bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun láìsí ẹni tí ń kanlẹ̀kùn. Kí ó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ díẹ̀, bí i oko etílé. Kí ó sì ní àgbà òjíṣẹ́ kan tí yóò máa sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀ fún. Kí a rántí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ìyá ìjọ ni òun náà, ẹrù rẹ̀ kò sì fúyẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìpadàbọ̀. Kí ó má ṣe gbé gbogbo ẹrù lọ́jọ́ kan. Àwọn iṣẹ́ kan tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kí ó fi sílẹ̀ fún wọn. Kí òun àti ìjọ jọ sọ ohun tí wọ́n kọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ tí ń ṣe é a máa béèrè pé kí òjíṣẹ́ dúró tì wọ́n fún ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn náà, kí ó má baà sọ ìsinmi di àyè láti wá iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn àtakò tí ó yẹ kí a dáhùn

Àwọn kan a máa sọ pé Sátánì kì í sinmi. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ní kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọlọ́run tí ó dá ayé ni Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ó sinmi ní ọjọ́ keje.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù owó. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìjọ kékeré tí agbára káká ni ó fi ń san owó oṣù kò lè ṣe bí ìjọ ńlá. Ṣùgbọ́n ó lè máa fi owó díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́fà. Ìjọ méjì tí ó múlé gbe ara wọn lè pa ọwọ́ pọ̀, kí òjíṣẹ́ ti èkíní dúró fún ti èkejì. Àwọn òjíṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì wà tí inú wọn yóò dùn láti wàásù fún oṣù kan. Bí oṣù mẹ́ta kò bá ṣeé ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò lábùlà sàn ju oṣù mẹ́ta tí a ń pè é padà lójoojúmọ́ lọ.

Ìdènà tí ó le jù wà nínú àwọn ìjọ tí olùdásílẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ wọn. Níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó so ìjọ pọ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá kúrò fún oṣù mẹ́ta, àwọn ènìyàn yóò tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Èrò wa ni pé ìbẹ̀rù yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì pé ìsinmi ti yẹ. Ìjọ tí kò lè dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹnì kan kò tíì ní ìpìlẹ̀ tí yóò fi dúró lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá kú.

A gbọ́dọ̀ sọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. Ìsinmi ọdún keje kì í ṣe oògùn fún gbogbo àrùn. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó kó owó ìjọ jẹ gbọ́dọ̀ jíhìn. Ìjà tí ó wà láàárín òjíṣẹ́ àti àwọn alàgbà, bí a kò bá parí rẹ̀, yóò máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òǹkàwé wa ní ọ̀nà méjì. Àwọn tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Krìstẹ́nì ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Èlíjà, ti Mósè àti òfin ọjọ́ ìsinmi. Ó yẹ kí wọ́n lè fi oko tí àwọn ọmọ mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, kí ìsinmi má baà dà bí òfin ayé àtijọ́ lásán. Bákan náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó jẹ́ pé òjíṣẹ́ ìjọ ni wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n tún ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì nígbà ọlidé. Àmì mẹ́ta tí a tò sókè kò yọ olùkọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí okun inú rẹ̀ ti tán yóò máa ka ìwé ọdún kẹwàá sẹ́yìn létí ọmọ, yóò sì máa fi ẹgba dáhùn ìbéèrè tí ó yẹ kí ó fi sùúrù dáhùn.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé ìsinmi ọdún keje ní ìpìlẹ̀ nínú Bíbélì, pé ó yàtọ̀ sí ọlidé, sí àwẹ̀ orí òkè àti sí ìsinmi ìwádìí àwọn olùkọ́ni yunifásítì, àti pé ìmúrasílẹ̀ ìjọ ni ó ń gbé e ró. A dábàá pé kí àwọn ìjọ ilẹ̀ wa kọ ọ́ sínú òfin wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tí apá wọn ká, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn òjíṣẹ́ sì fi í kún ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kí wọ́n tó jáde. Àgbẹ̀ kì í dúró kí ilẹ̀ kọ̀ láti hu ohunkóhun kí ó tó fi í sílẹ̀. Ìgbà tí iṣu bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré ni ó ti ń múra.